Orí Tó Dọ́gba Ló Ń Bà Mí Lẹ́rù

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn; èyí tí mo wà báyìí wà lókè ilé alájà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọkùnrin á gun àtẹ̀gùn wá, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bí ẹni tó gbé adìyẹ oníadìyẹ sábẹ́ agbádá, á wá na ìwé dókítà sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí n wá ṣe… ẹ̀yin náà ẹ kà á." Kò ní dárúkọ ohun tó fẹ́ ṣe. Èmi náà ò ní dárúkọ rẹ̀. Màá fún un ní ike, màá nawọ́ sí yàrá tó wà ní kọ̀rọ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé tí kò nílò títò.

Sípáàmù ni mò ń kà. Àtọ̀ ni gbogbo omi náà lápapọ̀, sípáàmù sì ni àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí légbénlègbé nínú adágún omi rí ti mọ bí wọ́n ṣe rí: orí níwájú, ìrù lẹ́yìn, kò sọ́wọ́, kò sẹ́sẹ̀. Mo máa ń ka iye wọn, mo máa ń wo bí wọ́n ṣe ń rìn, mo sì máa ń wo ìrísí wọn. Ìrísí yìí, tí a máa ń kọ mọ́fọ́lọ́jì sí lórí èsì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Òun ló ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọkùnrin jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Òun náà ló mú mi ṣe àṣìṣe tí mi ò tíì gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oníkúlà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé lápá Ìwó Road ni. Ó ní òun ò lè ṣe é ní lábù, pé ara òun kọ̀. Mo ní kò burú, kó ṣe é nílé kó gbé e wá. Nígbà tí yóò fi dé, kúlà kékeré ló gbé dání bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó, ó kó yìnyín yí ike náà ká. "Kó má baà bàjẹ́ ni, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà mọ bí gosiló ṣe máa ń rí." Mi ò lè rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Sípáàmù kì í ṣe ẹja tútù. Abẹ́ aṣọ, nítòsí ara, ni à ń gbé ike náà sí kó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kó sì dé ọwọ́ mi kí wákàtí kan tó pé. Gbogbo àwọn tó wà nínú ike oníkúlà ti dá gan-an. Èmi ni mo sì jẹ̀bi, torí mi ò sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń kéde lọ́jà: kí ó ti tó ọjọ́ méjì tí àtọ̀ ti jáde kẹ́yìn, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ; kò sí ọṣẹ, kò sí itọ́, kò sí kọ́ńdọ̀mù; bí ìkán kan bá dà sílẹ̀, kí wọ́n sọ fún mi, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde, torí inú rẹ̀ ni sípáàmù máa ń pọ̀ sí jù. Àwọn kan máa ń tijú nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Èmi ò tijú mọ́.

Ó rọrùn láti rí bí wọ́n ṣe ń rìn. Ká kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ká wò ó, ó parí. Ìrísí ò ṣeé wò lórí eré. A ní láti tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, kó gbẹ, ká wá rẹ ẹ́ láró. Mi ò fi àfiwé sọ̀rọ̀ o, aró gan-an ni. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n, adìrẹ Ìbàdàndùn ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí mo bá ń ki gíláàsì bọ inú ìgò kan, tí mò ń yọ ọ́, tí mò ń ṣàn án, tí mò ń kì í bọ òmíràn, wọ́n máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tó bá jáde tán, iwájú orí sípáàmù á mú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn orí á dúdú bí ẹ̀lú, ọrùn á ní pupa díẹ̀ lára. Màá wá kán òróró sórí rẹ̀, màá sì wò ó pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 1,000.

Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ iwájú yẹn ni mo ń pè ní fìlà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, torí orúkọ òyìnbó rẹ̀ kì í dúró lórí wọn. Sípáàmù tó pé, orí rẹ̀ á rí bí ẹyin adìyẹ tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ díẹ̀. Fìlà rẹ̀ á bo orí náà láti ìdá 40 sí ìdá 70 nínú 100. Bó bá kéré sí i, fìlà ọmọ lórí bàbá ni. Bó bá tóbi jù ú lọ, fìlà ti bojú. Ọrùn á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì gùn tó orí. Ìrù á gùn tó orí mẹ́wàá, kò ní ṣẹ́, kò ní ká. Orí náà kò gùn ju nǹkan bíi máíkírómítà mẹ́rin lọ: ẹ ní láti to 250 wọn tẹ̀ léra kí ẹ tó rí mílímítà kan lórí rúlà ọmọ iléèwé. Lórí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni à ń jà lé pé fìlà rẹ̀ kéré.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi jẹ́ kí n wò ó, ẹ̀rù bà mí. Mo rí orí tó rí bí àdó. Mo rí orí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Mo rí olórí méjì, mo rí onírù méjì, mo rí èyí tí ọrùn rẹ̀ wọ́ bí ẹni tó sùn sórí ìrọ̀rí líle, mo rí èyí tí ìrù rẹ̀ ká jọ bí ejò inú ìkòkò. Bí mo bá ti rí ẹyọ kan tó dáa, màá tún wá òmíràn títí ojú á fi máa ta mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ti ọkùnrin yìí ti bàjẹ́ pátápátá." Ọ̀gá mi ò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan. Wọ́n ní, "Ọkùnrin wo? Tèmi nìyẹn." Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí.

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn tó mi, ṣùgbọ́n kò tó.

Igba sípáàmù, 200, ni a máa ń kà lórí gíláàsì kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ká fi àkọ́kọ́ wé èkejì. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí 4 nínú 100 bá ti pé, ó ti kọjá ìlà. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. 4 nínú 100 jẹ́ 8 nínú 200. 3 nínú 100 jẹ́ 6. Sípáàmù méjì péré ló wà láàárín ẹni tí a kọ "ó dáa" fún àti ẹni tí a kọ "kò dáa" fún. Èmi fúnra mi ti ka gíláàsì kan láàárọ̀ kí n rí 9, kí n tún kà á lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kí n rí 6. Gíláàsì ò yí padà, ojú ò yí padà, àmàlà nìkan ló wọ àárín. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jọ́ pípẹ́ nídìí iṣẹ́ ń kà, kí ẹ wá wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lábù méjì lè ka ti ọkùnrin kan náà kí wọ́n má bára mu, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́ nínú wọn.

Nígbà yẹn, mo ní bírò pupa kan. Ọdún kẹta mi nídìí iṣẹ́ ni, ní lábù mìíràn tí mo ti kúrò. Bí èsì kan bá ti bọ́ sábẹ́ ìlà, màá fi bírò pupa yí i po, màá sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò dáa. Mo rò pé mò ń ran dókítà lọ́wọ́ ni. Ó tún máa ń jẹ́ kí n rí ara mi bí ẹni pàtàkì, kí n má parọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jórin nítòsí Àràrómi, lápá Gate, wá ṣe àyẹ̀wò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wà pọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mílíọ̀nù 60 ni mo kà nínú mílílítà kan, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 15 ni ìlà nígbà yẹn. Ó lé ní ìdajì wọn tó ń rìn. Ìrísí, 2. Mo yí 2 po. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo fún un, ó dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjì kí n tó gbọ́. Ìwé yẹn dé ilé, ó di adájọ́. Wọ́n ti rí ẹni tó ni ẹ̀bi, kí ni wọ́n tún ń wá? Ìyàwó ò padà sí ọ̀dọ̀ dókítà mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọkọ ló ní ìṣòro. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbo ní Bódè. Ó ra kápúsù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó fi ọtí sílẹ̀, kò burú. Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹnìkan ló sọ fún un pé ẹ̀wà ń ba àtọ̀ jẹ́, ta ló mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Nígbà tó padà wá fún àyẹ̀wò kẹta, ó jẹ́ 3. Ó gbé ìwé náà dání bí ọmọ tó gba ipò kejìdínlógójì nínú ogójì.

Dókítà tuntun tí wọ́n lọ bá ló ní kí àwọn méjèèjì jọ wá. Wọ́n ya fọ́tò ilé ọmọ ìyàwó, èyí tí wọ́n máa ń fi omi kan sí kó lè hàn. Ọ̀nà méjèèjì tí ẹyin ń gbà bọ̀ ló dí. Ó ti dí tipẹ́. Ọmọ ọdún 34 ni ìyàwó nígbà tí mo kọ nǹkan gàdàgbà sórí ìwé ọkọ rẹ̀. Ó ti pé 36. Ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí lábù wa ní ọjọ́ kan láti gba ẹ̀dà èsì àtijọ́, ó wo ìwé náà, ó wo ìwé tí mò ń kọ lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ìwé yín la gbà gbọ́." Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo.

Mo ju bírò náà nù lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n jíjù bírò nù ò tó, mo wá lọ jókòó kí n ka ohun tí nọ́ńbà 4 yẹn jẹ́ gan-an, torí mo ti ń lò ó bí ìwọ̀n ọlọ́jà láì mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe ìwé ọdún 2010, àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún kí oṣù 12 tó pé ni wọ́n kó èsì wọn jọ. Wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fa ìlà sí ibi tí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún parí sí. Ibẹ̀ ni 4 ti wá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2021, tí àwọn ọkùnrin láti ibòmíràn sì kún un, 4 náà ló tún jẹ́. Ẹ wá wò ó: àwọn tó wà lábẹ́ ìlà yẹn, bàbá ọmọ ni gbogbo wọn. Wọ́n fún obìnrin lóyún kí ọdún tó yí po. Àwọn ni mò ń fi bírò pupa yí po.

Bàbá kan tó ti fẹ́yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tó tún ìyàwó fẹ́, mú èsì àtijọ́ rẹ̀ wá fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí ohun kan. 45 ló wà níbẹ̀. Tèmi jẹ́ 5. Bàbá ní wọ́n ti fi òun ṣe, pé àwọn ará ilé òun ni. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, bàbá." Lọ́dún 1987, 50 ni ìlà. Lọ́dún 1992, ó di 30. Lọ́dún 2010, ó di 4. Ẹni tó bá wò ó lásán á ní ọkùnrin ayé ti tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn oníwàádìí kan ní Tygerberg, ní South Africa, ti ń sọ láti ọdún 1986 pé à ń ṣojúure jù. Wọ́n wo àwọn sípáàmù tó ti wọ inú omi yọ̀ọ̀ ẹnu ilé ọmọ obìnrin, wọ́n rí i pé àwọn tó débẹ̀ jọra wọn, wọ́n ní irú èyí ni kí a máa pè ní pípé. Èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́ẹ́, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé àgbáyé gba òfin náà wọlé. Ìwọ̀n ti yí padà láàárín 45 bàbá àti 5 bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ará ilé mọ́ kó tó lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ dókítà ẹran. Mo sọ fún un pé 4 nínú 100 ni a fi ń pe ọkùnrin ní ẹni tó dáa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní bí akọ màlúù ò bá ní 70 tó pé nínú 100, àwọn kì í fọwọ́ sí i fún ìbísí. "Eléyìí tìrẹ, ọjà màlúù Akínyẹlé là bá mú un lọ." Ó tún sọ fún mi pé orí sípáàmù eku rí bíi dòjé, ó kọ́ níwájú, pé ti àkùkọ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Dòjé yẹn, ìrísí tó pé fún eku ni. Bó bá jẹ́ pé nínú gíláàsì èèyàn ni mo ti rí i, ǹ bá ti kà á mọ́ àwọn tó bàjẹ́. Àwa èèyàn, tiwa ló rí játijàti jù nínú gbogbo wọn. Ó tún wá jọ pé àwa là ń gbéra ga jù.

Ohun kan wà tí àwọn ìyá ọkọ máa ń bi mí, tí àwọn ọkùnrin fúnra wọn ò ní ẹnu láti bi. Màmá kan, ọmọ Ìbàdàn ìsàlẹ̀ pọ́nńbélé, fa ọmọ wọn ọkùnrin wọlé lápá bí ọmọ iléèwé. Wọ́n ti rí èsì, wọ́n ti ní kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ya abirùn. Sé ọmọ tí ìyàwó ẹ̀ bá wá bí ńkọ́? Sé abirùn náà ni?" Ọmọ wọn ń wo ilẹ̀.

Ìbéèrè màmá ò gọ̀ rárá. Àwọn òyìnbó náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1677, ní ìlú Delft, aláṣọ kan tó ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek, tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gíláàsì ìwòran, fi wo àtọ̀, ó sì rí àwọn nǹkan tó ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1694, Nicolaas Hartsoeker ya àwòrán sípáàmù tí ọmọ kékeré kan káwọ́ kásẹ̀ jókòó sínú orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ọmọ ti jókòó síbẹ̀, a jẹ́ pé orí wíwọ́ á bí ọmọ wíwọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú orí yẹn. Ẹrù ló wà níbẹ̀, ìdajì ohun tí ọmọ yóò fi dá. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ìyá. Ìrísí àpótí ò sọ ohun tó wà nínú ẹrù. Mo sọ ọ́ fún màmá báyìí: "Màmá, tí ọlọ́kadà tó gbé lẹ́tà wá bá yarọ, ṣé lẹ́tà náà á yarọ ni?" Màmá ronú. Wọ́n ní, "Àmọ́ ó lè má tètè dé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ ọ́ tán, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un.

Ìrísí tó kéré níye lè fa ìdádúró, pàápàá bí iye wọn àti ìrìn wọn náà bá kéré. Bí ìrísí nìkan bá wà lábẹ́ ìlà, tí àwọn yòókù sì dúró dáadáa, mo ti rí àwọn tó lóyún nílé ara wọn láì ṣe ohunkóhun, ju iye tí mo lè kà lọ.

Nígbà wo wá ni ìrísí ń sọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́? Ibí yìí ni mo ti kọ́ ohun tí bírò pupa ò kọ́ mi. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti rí i. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, aṣọ rẹ̀ gún régé, iye tó pọ̀, ìrìn tó dáa. Mo rẹ gíláàsì rẹ̀ láró, mo wò ó, mo rò pé aró mi ló bàjẹ́, torí mi ò rí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kankan. Mo tún òmíràn rẹ, bákan náà ni. Gbogbo orí ló rí róbótó bí ọta kátápọ́ọ̀tù. Kò sí àdó, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí olórí méjì. Mo ka 200, mo rí 200 tí kò dé fìlà. Gíláàsì tó dára wò jù tí mo rí rí nìyẹn, bó ṣe dọ́gba, kò sì sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó o.

Fìlà yẹn ló ní oje tí sípáàmù fi ń wọ ara ẹyin obìnrin. Ẹni tí kò ní in á dé ẹnu ọ̀nà, kò ní rí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ìrísí bá bàjẹ́ lóríṣiríṣi, bí ti ọ̀gá mi àti tí gbogbo ayé, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ kíákíá ni, èyí tó dáa wà láàárín wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà kan náà, àṣìṣe wà nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń gé wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun àbímọ́ni, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní DPY19L2 ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀, bàbá àti ìyá ló sì jọ máa ń gbé e fún ọmọ láì jẹ́ pé ó hàn lára wọn, bíi kí AS méjì fẹ́ra kí wọ́n bí SS. Kò sí àgbo tó lè dé fìlà fún wọn. Kò sì sí ohun tí ọkùnrin náà ṣe tó fi ṣẹlẹ̀. Mo sọ èyí fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀nà tó wà fún irú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Brussels lọ́dún 1992, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ mú sípáàmù kan ṣoṣo, tí wọ́n á fi sínú ẹyin gan-an. Ó ti ẹnu ọ̀nà kọjá, kò nílò kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, àwọn olórí róbótó yìí kì í sábà ní ohun tó ń jí ẹyin lójú oorun, nítorí náà dókítà lè ní láti fi nǹkan mìíràn jí i. Owó ńlá ni, omijé sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè mọ̀ ò ní lo ọdún méjì ní Bódè.

Nísinsìnyí, ẹni tó bá gba èsì tó kéré lọ́wọ́ mi, mo máa ń bi í léèrè kí n tó jẹ́ kó lọ. Ibà ha ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bí? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Nǹkan bí 74 ọjọ́ ni ara fi ń ṣe sípáàmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó ṣe tán, nítorí náà ohun tí mò ń wò lónìí, ara oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣe é. Ọlọ́run ò ṣèèṣì gbé kórópọ̀n sí ìta. Ó fẹ́ kó tutù ju ara lọ ní ìwọ̀n méjì sí mẹ́rin. Aṣeburẹ́dì tó ń dúró níwájú ààrò láti òru, ẹni tó ń wa Micra láti àárọ̀ dalẹ́ lórí àga tó gbóná, mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Mo máa ń ní kí dókítà fọwọ́ kan àpò náà bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ wú níbẹ̀, torí nǹkan bí 15 nínú 100 ọkùnrin ló ní in, ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn tó ń wá ọmọ. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí ìyàwó náà lọ ṣe tirẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé irin ní Bódìjà, kò bi mí léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan tóbi. Ó gbé àyà wá, ó rí bí ògiri. Mo wo gíláàsì rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Òdo. Hómóònù ọkùnrin tó ń gbà láti ìta ti sọ fún ara rẹ̀ pé kó má ṣe iṣẹ́ mọ́. Kò sí orí tí mo fẹ́ ka ìrísí rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó ń lọ rí dókítà, ó tó bí oṣù mọ́kànlá kí n tó tún rí àwọn légbénlègbé mélòó kan. Àyà rẹ̀ ti fọn. Màmá wa ní ó ti rù, kí n bá a ra Bournvita.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan gòkè wá nígbà tí mo ti ń palẹ̀ mọ́. Ó di oṣù mẹ́jọ tó ti ṣègbéyàwó, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ọdún kan ò tíì pé, kó fi ọkàn balẹ̀. Ó ní òun ṣáà fẹ́ mọ̀. Mo gba ti ọwọ́ rẹ̀, mo kán díẹ̀ sórí gíláàsì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wò ó?"

N kì í sábà gbà. Mo sún fún un. Ó tẹ̀ ba, ó pa ojú kan dé, ó ṣí i, ó pa èkejì dé.

"Háà! Wọ́n ń sáré!"

"Wọ́n ń sáré."

"Èwo ló dáa nínú wọn?"

"Mi ò lè mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sáré."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ibo ni wọ́n ń lọ?"

"Kò síbì kankan. Orí gíláàsì ni wọ́n wà."

Ni wọ́n bá mú iná lọ. Gbogbo Mọ́kọ́lá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọmọkùnrin náà ò dìde. Ó ṣì tẹ̀ ba nínú òkùnkùn, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń retí kí wọ́n gbé iná dé.